Ṣé ọyẹ́ ni, àbí ìràwọ̀ yìí ló ń ṣú?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Apata ni mò ń gbé n'Ìbàdàn níbí, ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni mò ń tà. Láti Oṣù Kejìlá, tí iná bá ti lọ, mo máa ń tẹ́ ẹní síwájú ilé, mà á máa wo Betelgeuse, ìràwọ̀ kan tó pọ́n bí ẹyin iná. (Ìyàwó mi ní ẹ̀fọn ni mò ń bọ́.) Tí alẹ́ bá lọ díẹ̀, àtàrí wa gan-an ló máa ń dúró sí.

Mo kà pé ó ti darúgbó. Háídrójìn, ìyẹn gáàsì tó ń mú ìràwọ̀ tàn, ti jó tán láàárín rẹ̀, ara rẹ̀ wá wú débi pé tó bá wà nípò oòrùn wa, á gbé ayé yìí mì. Ní ìparí 2019 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2020 ó ṣú, àwọn kan ní ó fẹ́ bú gbàù. Àṣé eruku tóun fúnra rẹ̀ tú síta ló bò ó.

Èmi náà wá ń kọ bó ṣe ń tàn sílẹ̀ nínú ìwé ọjà mi. Mo fi wé ìràwọ̀ mìíràn tó ń jẹ́ Rigel, ìyẹn mọ́lẹ̀ jù ú lọ. Mo fi wé ìràwọ̀ Aldebaran, ìmọ́lẹ̀ ìyẹn sún mọ́ tirẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó dà bíi pé ó dín kù, ṣùgbọ́n ọyẹ́ alẹ́ ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré, òpó iná ọ̀ọ́kán gan-an ò hàn dáadáa.

Ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan lọ: ojú lásán ni mo ní, báwo ni mo ṣe lè mọ ìgbà tó jẹ́ ọyẹ́ àti ìgbà tó jẹ́ ìràwọ̀ náà fúnra rẹ̀?

Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ sílẹ̀ o.