Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gun sedan oníná olówó ńlá, ẹ wá sọ tojú yín

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston:
Ẹ kú ilé o. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń wá mọ́tò oníná, sedan ńlá táwọn bọ̀rọ̀kìnní ń gùn, torí èyí tí mò ń wà báyìí ti ń gbowó lọ́wọ́ mi ju àwọn ọmọ mi lọ. Gbogbo ẹni tí mo bá bi ló ń sọ pé ó ń sáré bí ọfà. Ta ló bi yín léré? Mo fẹ́ mọ bẹ́ ẹ ṣe ń bá a gbé nílé. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Èyí tójú mi wọ̀ ni Lucid Air tí wọ́n ń ṣe ní Casa Grande ní Arizona. Mi ò gbọ́ orúkọ wọn rí, àbúrò mi ló sọ fún mi pé Peter Rawlinson tó jẹ́ ọ̀gá ẹnjiníà Tesla Model S nígbà kan ló wá ṣe olórí fún àwọn yìí náà títí di 2025. Èyí tó kéré jù nínú wọn ni Pure, bátìrì ẹ̀ jẹ́ 84 kWh (òun ni wọ́n fi ń wọn iye iná tó ń gbà), wọ́n ní ó máa rin máìlì 420, owó ẹ̀ ń lọ bíi $70,000. Ìyẹn máìlì 5 lórí kWh kan ṣoṣo. Àwọn kan wà tí bátìrì wọn tóbi ju ìyẹn lọ dáadáa tí wọn ò rìn tó o, torí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi bátìrì ńlá tàn yín, bí mọ́tò ṣe ń ṣọ́ iná ná lẹ máa bi wọ́n.

Mo rẹ́ǹtì ọ̀kan fi lọ síbi ìgbéyàwó ní Dallas. Láti ọ̀dọ̀ mi tó bíi máìlì 240 lórí I-45, mo sì kúrò nílé pẹ̀lú 100%. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń sáré ní Texas, tó o bá wà lórí 70 onítirélà á máa fun fèrè lẹ́yìn ẹ, èmi náà bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ 80, AC ń fẹ́, ìyàwó àtàwọn ọmọ wà nínú ẹ̀, kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù wà ní búùtù. Nígbà tá a débẹ̀ ó ku 29%. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, ká ní mo wà á títí tó fi kú, kò ní kọjá bíi 340. Mi ò bínú o, atẹ́gùn ló ń jẹ iná yẹn, bó o ṣe ń sáré sí ló ń dá ẹ padà sí. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ ra èyíkéyìí nínú wọn, kó yọ ìdá kan nínú márùn-ún kúrò nínú iye máìlì tí wọ́n bá kọ kó tó fi ṣètò ìrìn àjò. Tẹ́ ẹ bá sì dúró gbaná lójú ọ̀nà, ẹ kúrò níbẹ̀ tó bá ti dé 80%, torí àtibẹ̀ lọ ńṣe ló máa ń ṣe bí ìgbà téèyàn ń rọ òróró sígò ẹlẹ́nu tóóró.

Ohun tí ò tíì jẹ́ kí n sanwó ni ìjì Beryl ti July 2024. Ẹ̀yin ará Houston ẹ rántí, ó lé ní mílíọ̀nù 2 ilé àti ṣọ́ọ̀bù tíná lọ lọ́dọ̀ wọn. Ọjọ́ mẹ́fà nilé tèmi. Mo wá ń rò ó pé ká ní mọ́tò oníná nìkan ni mo ní ńkọ́? Ìyàwó mi ní ṣebí Agége ni wọ́n bí mi sí, ìgbà wo niná tó lọ wá di ìròyìn. Texas náà ò gbàgbé wa o, $400 ni wọ́n máa gbà tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ forúkọ mọ́tò oníná tuntun sílẹ̀, lẹ́yìn náà $200 lọ́dọọdún, yàtọ̀ sí owó tí gbogbo ayé ń san.

Ìyá Tóbi, Peckham:
Ẹ̀gbọ́n ẹ kú iṣẹ́. Mi ò ní dárúkọ tiwa. Ibi iṣẹ́ ọkọ mi ló ti gbà á, wọ́n ń yọ ọ́ nínú owó oṣù kí owó orí tó kàn án, ibẹ̀ yẹn dáa, mi ò purọ́. Ẹ̀yìn mọ́tò lọ̀rọ̀ wà. Bátìrì ti gba gbogbo abẹ́ ilẹ̀, ilẹ̀ wá ga, wọ́n tún rọ òrùlé wálẹ̀ nítorí atẹ́gùn tẹ́ ẹ sọ yẹn. Ọjọ́ tí ìyá ọkọ mi pé 70 mo sanwó kí wọ́n tó bá mi wé gèlè, mo wọ ẹ̀yìn, gèlè kan òkè, ó tẹ̀. Láti Peckham dé Dagenham mo dorí kọ ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lára ògiri. Tẹ́ ẹ bá ń lọ wo mọ́tò, ẹ mú ìyàwó yín dání pẹ̀lú gèlè lórí. Mi ò ṣàwàdà.

Ìkejì, fúláàtì là ń gbé, kò síbi tá a fẹ́ so wáyà mọ́. Iná tí wọ́n ń gbà nílé VAT ẹ̀ 5% ni, ti títì 20%, ká má tíì wá sọ iye táwọn oníṣájà kíákíá ń bu lé e. Ẹ ò níbi tẹ́ ẹ máa gbaná nílé? Ẹ má rà á. Congestion Charge, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá wa mọ́tò wọ àárín London, wọn ò gbà á lọ́wọ́ àwa onímọ́tò oníná tẹ́lẹ̀, àmọ́ 25 December 2025 ni wọ́n fòpin sí àǹfààní yẹn, ọjọ́ Kérésì gan-an!

Bàbá Méjì, Maryland:
Àlòkù lèmi rà. Ọdún mẹ́ta péré lẹni àkọ́kọ́ lò ó, owó tó rà á lé ní $110,000, èmi san $49,000. Mo máa ń gbàdúrà fún ọkùnrin yẹn. Kí n tó sanwó mo ní kí wọ́n tẹ ìwé ìlera bátìrì jáde fún mi, mo sì wò ó bóyá wáráńtì bátìrì ọlọ́dún 8 ṣì ń bá a bọ̀.

Ohun tẹ́nì kankan ò sọ fún mi ni pé bátìrì kékeré wà nínú ẹ̀, 12-volt bíi ti mọ́tò elépo, òun ló ń jí gbogbo nǹkan. Ó kú fún mi ní páàkì ṣọ́ọ̀ṣì nínú òtútù. Bátìrì ńlá wà ní 78% o, àmọ́ ilẹ̀kùn ò ṣí, torí ọwọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀ inú ara mọ́tò ló máa ń wọ̀, iná ló ń tì í jáde. Pásítọ̀ ti ní ká dira mú. Ọmọkùnrin kan tó wá fi ọkọ̀ wọ́ ọ ló yọ kọ́kọ́rọ́ irin jáde nínú rìmóòtù mi, àṣé ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ tí mo ti rà á. Táyà náà tètè ń jẹ, mọ́tò yẹn wúwo.

Lekki Phase 1:
Ẹ jọ̀ọ́ ṣé mo lè ra ti Amẹ́ríkà kí n gbé e wá Èkó? Ojúbọrọ́ kọ́ lepo fi ń gbowó lọ́wọ́ wa.

Ẹlẹ́tíríìkì Súrùlérè:
Ẹ yẹ ẹnu púlọ́ọ̀gì ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí ti Yúróòpù, ti Yúróòpù àti ti Ṣáínà lẹ sì máa bá pàdé jù níbí. Iná fúnra ẹ̀ ò burú: látìgbà tí wọ́n ti gbé iye tí àwọn Band A, ìyẹn àwọn tíná máa ń wà fún jù, ń san lórí kWh kan kúrò ní ₦68 lọ sí ₦225 ní April 2024 ó ti ń lọ sókè sódò díẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi ₦210 ṣe é, 84 kWh ò tó ₦18,000. Tíná bá ń dé nìyẹn. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ máa fi gbaná sí i, kí lẹ ṣe kúrò nídìí epo? Gálọ́ọ̀pù tó wà láàárín títì yín ńkọ́, ṣé ẹ mọ̀ pé bátìrì ló wà nísàlẹ̀ mọ́tò yẹn?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston:
Ẹ ṣeun gan-an. Ìyá Tóbi, mo ka tiyín fún ìyàwó mi. Sátidé là ń padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn, ó ti gbé gèlè mẹ́ta sílẹ̀, ó ń wò èyí tó ga jù.