Ẹ sọ ìrírí yín: eré olórin tẹ́ ẹ wò nírìn-àjò, àti bí ẹ ṣe rí tíkẹ́ẹ̀tì tówó rẹ̀ mọ níwọ̀n

Ìyá Ìbejì, Gwarinpa

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa ní Àbújá àti gbogbo Òkè Ọya. Ìsinmi ilé-ìwé ti ń kanlẹ̀kùn, àwọn tó ń múra ìrìn-àjò ti ń sáré físà kiri. Ọ̀rọ̀ kan ti pẹ́ nínú mi tí mo fẹ́ sọ kí ẹ tó gbéra. Bí àwọn èèyàn wa bá dé Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹbí, ọjà, ilé ìjọsìn, ó parí. Tí mo bá ní kí wọ́n lọ wo eré olórin, ìyẹn eré ìtàgé tí wọ́n ń fi orin sọ ìtàn rẹ̀, wọ́n á ní olówó ló ń wo ìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èmi, bàbá wọn àtàwọn ọmọ ti wò ó, a sì tún rówó ra nǹkan bọ̀ fáwọn ará ilé.

The Lion King la wò, ní gbọ̀ngàn Lyceum. Láti 1999 ni wọ́n ti ń ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìdí tí mo fi mú un ni pé àwọn ìbejì mọ ìtàn rẹ̀ látòkèdélẹ̀ nínú fíìmù. Ẹ má fojú kéré ìyẹn o. Nínú eré olórin, orin ló ń gbé ìtàn rìn. Bí wọ́n bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì tó yára kọrin, tí etí ò sì mọ́ ọn lára, ìtàn á bọ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, á wá máa bi ẹni tó jókòó tì í pé kí ló wí. Ẹni tó ti mọ ìtàn tẹ́lẹ̀, ojú àti etí rẹ̀ á ráyè gbádùn. Ohun mìíràn tún ni pé igbe orin tó ṣí eré náà, èdè Súlú ni, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo gbọ̀ngàn ló dákẹ́ rọ́rọ́ fún un, òyìnbó àti èèyàn dúdú.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti mú eré, ẹ wá mú ìjókòó tó bá eré náà mu. Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ mi dáadáa nìyí. Ìjókòó òkè ló máa ń pọ́ọ́kú jù, ṣùgbọ́n nínú eré yìí, àárín àwọn tó jókòó sísàlẹ̀ ni àwọn ẹranko ń gbà wọlé. Erin ńlá kan ti ẹ̀yìn wa yọ. Èèyàn ló wà nínú ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń gbé e níkọ̀ọ̀kan, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ń bọ̀ lọ́nà tó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Táyé dìde dúró, ó na ọwọ́ sí i, mo yára fà á padà. Kẹ́hìndé kò tiẹ̀ mí. Àwọn onílù wà lókè, lọ́tùn-ún àti lósì ìtàgé, tí ìlù bá dún, àga á máa gbọ̀n lábẹ́ èèyàn. Ẹni tó jókòó sókè pátápátá kò ní rí erin yẹn bó ṣe ń wọlé. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ ni mo rà, àmọ́ ọ̀wọ́ ẹ̀yìn, lábẹ́ àjà tó yọrí, níbi tówó ti rọ̀ ju ti iwájú lọ, tó sì jẹ́ ibẹ̀ gan-an làwọn ẹranko ń gbà kọjá.

Àbújá níbí ni mo ti rà á, lórí ìkànnì gbọ̀ngàn náà fúnra rẹ̀. Ọ̀sán Ọjọ́rú la mú, torí pé ìjókòó kan náà máa ń wọ́n tó bá di Sátidé. Káàdì náírà mi kò gbà. Àbúrò mi tó wà ní Luton ló bá mi fi tiẹ̀ san, mo sì san náírà rẹ̀ fún màmá wa n'Ílọrin bó ṣe ní kí n ṣe. Tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ sínú ímeèlì mi lójú ẹsẹ̀.

Bàbá wọn wá ní òun náà fẹ́ wo èyí tí kì í ṣe tọmọdé. Fún ìyẹn, a ò ra nǹkan kan sílẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ eré la lọ sí Leicester Square. Ilé kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà tó wà níbẹ̀, ó ní aago lórí, TKTS ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn onígbọ̀ngàn ìṣeré Lọ́ńdọ̀nù ló ni ín, láti 1980 ni wọ́n sì ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀dínwó. Ìjókòó eré dà bí àkàrà: bí ilẹ̀ bá ṣú, kò sẹ́ni tó máa ra tàná. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dín owó èyí tó bá ṣẹ́ kù fún alẹ́ ọjọ́ náà tàbí ti ọjọ́ mélòó kan tó tẹ̀ lé e, nígbà míì títí dé ìdajì.

Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o. Ṣọ́ọ̀bù pọ̀ yí agbègbè yẹn ká tí wọ́n kọ "half price" gàdàgbà síta, wọn kì í sì í ṣe TKTS. Àwọn míì á lé owó iṣẹ́ lórí tíkẹ́ẹ̀tì títí ẹ̀dínwó náà á fi pòórá. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ta tíkẹ́ẹ̀tì fún yín, ẹ wò ó bóyá ó ní àmì STAR, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lọ́nà ẹ̀tọ́ ní Bìrìtìkó.

Kí n tó sanwó, mo ní kí obìnrin inú gíláàsì náà fi àwòrán ìjókòó hàn mí. Èyí tó kọ́kọ́ fẹ́ fún wa, "restricted view" ló wà lára rẹ̀: òpó kan dúró síwájú ẹ̀. Mo béèrè òmíràn. Ó yí ojú ẹ̀rọ rẹ̀ sí wa, ó fi ìka tọ́ ibì kan lókè, ìyàtọ̀ owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ máa béèrè. Kì í bí wọn nínú.

Ó yá, ẹ sọ tiyín.

Bàbá Ọlá, Lugbe

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Ìbejì. Mo fẹ́ fi kún un fún àwọn tó ń mú àgbàlagbà lọ. Láyé Ọbabìnrin Victoria àti ọmọ rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn ìṣeré wọ̀nyẹn. Òkè wọn ga fíofío, àtẹ̀gùn rẹ̀ tóóró, ọ̀pọ̀ ni kò sì ní ẹ̀rọ agbéniròkè dé ibẹ̀. Àyè ẹsẹ̀ kéré débi pé orúnkún mi kan ẹ̀yìn àga iwájú títí eré fi parí. Ìlà àkọ́kọ́ lókè tún ní irin ìdènà níwájú. Ẹni tí kò bá ga, irin ni yóò máa wò. Ìlà kẹta tàbí ìkẹrin sàn jù ú lọ, owó rẹ̀ sì lè má ga tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé eré olórin kì í ṣe tiwa. Láti 1945 ni Hubert Ògúndé ti ń gbé tirẹ̀ kiri Nàìjíríà. Jọ́ọ̀sì níbí ni wọ́n ti mú un lọ́dún 1946, nítorí eré tó ṣe lórí ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́. Dúró Ládiípọ̀ gbé Ọba Kò So lọ sí Berlin ní 1964, àwọn Jámánì tí kò gbọ́ ẹyọ Yorùbá kan jókòó wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì wá ń bẹ̀rù kí ni?

Ọmọ Ọ̀fà ní Kánò

Bàbá Ọlá, ẹ sọ ọ́ dáadáa. Èmi, New York ni tèmi. Iṣẹ́ ló gbé mi lọ ní 2010, mo sì gbọ́ pé wọ́n ń ṣe eré kan nípa Fẹlá ní Broadway, àdúgbò àwọn gbọ̀ngàn ìṣeré ńláńlá níbẹ̀, Fela! ni wọ́n pè é. Kí ni mo tún fẹ́ wò? Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n lọ wo èyí tí gbogbo ayé mọ̀, mo ní rárá, èyí tí mo mọ orin rẹ̀ ni mo fẹ́.

Àwọn náà ní TKTS níbẹ̀, tiwọn sì pẹ́ ju ti Lọ́ńdọ̀nù, 1973 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ní Times Square ni, lábẹ́ àtẹ̀gùn pupa kan tí àwọn àlejò máa ń jókòó sí ya fọ́tò. Pátákó kan wà tó ń kọ orúkọ eré àti iye tí wọ́n dín lára owó rẹ̀. Èmi tò sórí ìlà lọ́sàn-án ọjọ́ àárín ọ̀sẹ̀, mo sì rí tèmi gbà lówó tó sún mọ́ ìdajì. Kí ẹ tó dé ojú fèrèsé, ẹ ti ní eré méjì tàbí mẹ́ta lọ́kàn, nítorí èyí tẹ́ ẹ ń fẹ́ lè tán lójú yín. Àwọn eré tí èrò ń wọ́ tọ̀ kì í sábà débẹ̀.

Nínú gbọ̀ngàn, wọ́n ti ṣe ibẹ̀ bí Shrine. Nígbà tó yá, ẹni tó ń ṣe Fẹlá ní kí gbogbo wa dìde, ó ní ká fi ìdí ka aago: ìdí sí aago méjìlá, ìdí sí aago mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá òyìnbó kan tó jókòó tì mí, irun rẹ̀ funfun báláú, ó ń ka tiẹ̀ láì ṣì í. Ayọ̀ tó bá mi lọ́jọ́ náà, kò ṣeé fẹnu sọ. Orin ilé wa ni, nílẹ̀ ẹlòmíràn, àwọn tó sanwó wá gbọ́ ọ kún dẹ́múdẹ́mú.

Fún àwọn eré tó gbajúmọ̀ púpọ̀, wọ́n máa ń ṣẹ́ kèké. Ẹ ó forúkọ sílẹ̀ lórí fóònù. Bí kèké bá mú yín, ẹ ó ra tíkẹ́ẹ̀tì lówó táṣẹ́rẹ́. $10 péré ni ti Hamilton. Kèké kò mú èmi rí, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀.

Àǹtí Tíṣà, Kàdúná

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó ọmọ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní Ògọ́sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ohun tí wọ́n ń pè ní Kids Week. Ẹgbẹ́ tó ni TKTS Lọ́ńdọ̀nù yẹn náà ló ń ṣe é. Bí àgbàlagbà kan bá san tirẹ̀, ọmọ ọdún 17 sí ìsàlẹ̀ kan á wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọ méjì míì sì lè wọlé lówó ìdajì. Gbogbo eré kọ́ ló wà nínú ẹ̀, àmọ́ wọ́n pọ̀. Kí oṣù Ògọ́sì tó wọlé ni wọ́n ti máa ń ṣí i, àwọn ìjókòó tó dáa sì máa ń lọ kíákíá. Mo kó àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ báyìí. Owó tí mo san fún gbogbo wa kò tó ohun tí mo ti dì kalẹ̀ fún èmi nìkan.

Ẹ wo ọjọ́ orí tí eré kọ̀ọ̀kan ní kí ọmọ tó kí ẹ tó sanwó. Kí ẹ sì tètè dé! Tí wọ́n bá ti ìlẹ̀kùn, ẹni tó pẹ́ á dúró síta títí dìgbà tí àyè bá yọ láàárín eré. Ẹ ro ti erin Ìyá Ìbejì: ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ló ti ń kọjá.

Ọmọ Kubwa

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ẹ jẹ́ ká rántí ti ilé náà. Èmi kò ní físà, Èkó ni mo ti wo tèmi, ní Terra Kulture, ní Tiamiyu Savage, Victoria Island. Gbọ̀ngàn wọn tí wọ́n ṣí ní 2017, wọ́n kọ́ ọ fún eré ìtàgé ni, ibi tó wù kéèyàn jókòó sí, á rí ìtàgé. Kò sí bí owó tíkẹ́ẹ̀tì ṣe lè tó owó bàálù láti Àbújá lọ Èkó, nítorí náà n kì í torí eré nìkan lọ. Tí mo bá ń lọ sílé fún Kérésì tàbí Àjíǹde, mo máa ń wo ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀, nítorí àsìkò ọdún ni eré olórin máa ń pọ̀, màá sì rà á nígbà tí wọ́n ṣì ń ta ti àwọn tó tètè rà.

Ní Àbújá níbí, eré máa ń wá sí gbọ̀ngàn Cyprian Ekwensi ní Area 10, Garki, àti sí àwọn gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì ńláńlá. Ti hòtẹ́ẹ̀lì, ilẹ̀ gbọ̀ngàn tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn, gèlè ni yóò wò. Ẹ tètè débẹ̀, kẹ́ ẹ mú ẹ̀gbẹ́, má ṣe mú àárín. Kí ẹ sì ti ṣètò ọkọ̀ ìpadà, torí eré lè parí lóru, owó dúrọ́ọ̀pù láti Maitama dé Kubwa lákòókò yẹn lè ju ti tíkẹ́ẹ̀tì lọ. Àwa máa ń dá owó jọ, ọkọ̀ kan á gbé wa lọ, á dúró dè wá.

Ọ̀rẹ́ mi kan ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹnì kan lórí Wásáàpù. Kóòdù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, ojúlówó ni, àmọ́ wọ́n ti tà á fún ẹlòmíràn. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà ló wọlé. Ó dúró síta pẹ̀lú aṣọ ọdún lọ́rùn, inú mi bàjẹ́ fún un. Ojú ìkànnì tí àwọn tó ni eré kọ sára pósítà wọn ni kẹ́ ẹ ti máa rà á. Bẹ́ ẹ bá ti rà á, ẹ má gbé kóòdù rẹ̀ sórí status o.

Bàbá Ọlá, Lugbe

Ìyá Ìbejì, mo fẹ́ mú màmá mi lọ lọ́dún yìí. Orúnkún ń dà wọ́n láàmú, wọn ò lè gun àtẹ̀gùn. Ṣé ká kàn gbàgbé ẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Gwarinpa

Ẹ má gbàgbé ẹ̀ rárá, bàbá. Ẹ má ra ti màmá lórí ìkànnì lásán. Ẹ pe gbọ̀ngàn náà, ẹ ní "access booking" lẹ fẹ́. Ẹ sọ fún wọn bóyá màmá lè gun àtẹ̀gùn díẹ̀ tàbí wọn ò lè gùn ún páàpáà, àti bóyá kẹ̀kẹ́ ni wọ́n máa fi wọlé. Wọ́n á sọ ẹnu ọ̀nà tí kò ní àtẹ̀gùn fún yín, wọ́n á fi yín sí ìjókòó tó súnmọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn ló ń dín owó fún ẹni tí ara rẹ̀ kò le àti ẹni tó bá a wá. Ẹ mú eré ọ̀sán kí ilẹ̀ má bàa ṣú mọ́ wọn. Tẹ́ ẹ bá ti mọ ọjọ́ tẹ́ ẹ ń lọ, ẹ kọ ọ́ síbí, màá fi nọ́ńbà tí mo pè ránṣẹ́ sí yín.