Àwòrán egungun àti àwòrán eyín kò bá ara wọn mu: kí ló kù tí mo lè ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin dókítà eyín. Mo fẹ́ ri ìmpláǹtì méjì (irin tí wọ́n ń rì sínú egungun láti di eyín àtọwọ́dá mú) sí ẹ̀yìn àgbọ̀n ìsàlẹ̀ aláìsàn kan, lápá òsì. Mo ti ní àwòrán egungun láti inú CBCT (àwòrán ìtànṣán onígun mẹ́ta), mo sì ti fi síkánà inú ẹnu ya eyín àti erìgì. Ibi tí mo há sí ni síso àwọn méjèèjì pọ̀. Adé irin mẹ́ta ló wà lẹ́nu aláìsàn náà, wọ́n sì ba CBCT jẹ́ débi pé àwọn eyín ẹ̀yìn dà bí ìgbà tí omi dà sórí tádà.

Mo lo ojú àmì mẹ́ta tó wà nínú àwòrán méjèèjì láti so wọ́n pọ̀, kò ṣiṣẹ́. Mo sọ ọ́ di mẹ́fà, mo tún fọwọ́ gé ibi tí irin bàjẹ́ kúrò, síbẹ̀ ó ṣì ń yẹ̀ ní bíi mìlímítà 1. Ike atọ́nà tí mo tẹ̀, èyí tí yóò darí ibi tí màá lu sí, jókòó pẹ́kípẹ́kí lẹ́nu rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí: eyín ló bá mu, kì í ṣe egungun. Mìlímítà 2 péré ni mo sì fi sílẹ̀ sókè iṣan ìmọ̀lára tó gba inú àgbọ̀n.

N kò fẹ́ tún fún aláìsàn náà ní ìtànṣán lásán. Ṣé àwọn eyín iwájú tí kò ní irin tó láti so àwòrán méjèèjì pọ̀, kí ẹ̀yìn má sì yẹ̀? Àbí dandan ni kí n lẹ àmì gutta-percha (ohun bíi rọ́bà tó máa ń hàn nínú àwòrán ìtànṣán) mọ́ ike kan, kó wọ̀ ọ́ sẹ́nu, kí n tún CBCT yà?