Awakọ̀ bọ́ọ̀sì London: báwo la ṣe lè kọ̀ láti ṣe ófátáìmù láìrú òfin?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá nímọ̀ràn. Awakọ̀ ò tó ní gáréèjì wa, ófátáìmù ni wọ́n fi ń dí àlàfo. Òfin ní ká sinmi wákàtí 10 láàárín iṣẹ́ méjì, àmọ́ wọ́n lè gé e sí 8 àti ààbọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ibẹ̀ ni ìnira wà: ẹni tó ṣíwọ́ ní aago kan òru lè tún gbaṣẹ́ ní mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀, àlọ àtàbọ̀ ilé sì wà nínú ẹ̀. Oorun dà?

Ẹni tó ti buwọ́ lù ú pé òun lè ṣiṣẹ́ kọjá wákàtí 48 lọ́sẹ̀ tí òfin fi ṣe gbèdéke, ṣé àkíyèsí ọjọ́ 7 tó láti yọwọ́, àbí oṣù 3? Bí gbogbo wa bá sì jọ kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi wa láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dìbò, ṣé wọn ò ní kà á sí ìyanṣẹ́lódì?