Àbọ̀ ọ̀rọ̀ aago àpò oníwúrà Longines tí mo béèrè

Ẹ kú ìmọ̀ràn o. Mo béèrè níbí bóyá ojúlówó Longines, iléeṣẹ́ aago ilẹ̀ Switzerland, ni aago àpò tí mo rà, bóyá wúrà ni lóòótọ́, àti ìdí tó fi ń dákẹ́.

Èyí tó yanjú ọ̀rọ̀ jù ni pé kí n kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà ní Saint-Imier, kí n fi nọ́ńbà ara ẹ̀rọ inú àti ti ìkarahun ránṣẹ́. Wọ́n wo àkọsílẹ̀ wọn: 1911 ni aago náà kúrò lọ́wọ́ wọn, Ítálì ló sì lọ. Ojúlówó ni! Inú mi dùn gan-an.

Ní ti wúrà, ẹni tó ní kí n wá orí obìnrin kékeré lára ìdérí ẹ̀yìn, ọpẹ́ yín pọ̀. Òǹtẹ̀ ilẹ̀ Switzerland fún kárátì 18 (kárátì ni wọ́n fi ń díwọ̀n bí wúrà ṣe mọ́ tó) nìyẹn láyé ìgbà náà. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni ti kárátì 14. Mo rí i kedere. Àmọ́ irin lásán ni ìdérí kejì tó wà nínú, torí náà ẹ má fi ìwọ̀n gbogbo aago ṣírò wúrà. Mi ò gbà kí wọ́n bá mi fi nǹkan nù ún kó lè máa dán, òǹtẹ̀ yẹn lè parẹ́.

Fífọ ẹ̀rọ àti títún epo sí i ràn án lọ́wọ́ díẹ̀. Ó ń rìn báyìí, ṣùgbọ́n kì í rìn di ọjọ́ kejì. Alátùn-únṣe ní sípíríǹgì tó ń mú un rìn kò lágbára mọ́. A ṣì ń wá èyí tó bá a mu.