Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn, adìẹ mi mẹ́fà àti òtútù Minnesota

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará mi, ẹ kú òtútù. Ẹ má bínú ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Ìtòsí Saint Paul, Minnesota ni mò ń gbé, mo ra ọmọ adìẹ mẹ́fà ní April, Rhode Island Red mẹ́rin àti Leghorn funfun méjì, wọ́n ti ń yé báyìí, àwọn ọmọ mi sì ti sọ gbogbo wọn lórúkọ so kò sẹ́ni tó máa pa ìkankan jẹ nínú ilé yìí mọ́. Òtútù àkọ́kọ́ wọn rèé. Ní Ìkirè tí mo dàgbà sí, ọ̀yẹ́ nìkan la mọ̀ sí òtútù, ìyá àgbà á kàn da àgò bo adìẹ lálẹ́, ó parí. Níbí wọ́n ní ó lè dé 20 Fahrenheit lábẹ́ òdo ní January! Ni mo bá fi náílọ́ọ̀nù wé gbogbo ilé adìẹ náà, mo fi àkísà dí gbogbo ihò, títí kan èyí tó wà lábẹ́ òrùlé. Lọ́jọ́ Tuesday tó kọjá, 12 Fahrenheit ni (bíi 11 Celsius lábẹ́ òdo), mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, òórùn ìgbẹ́ wọn ta mí lójú, omi ń kán tó, tó, tó láti ara pákó òrùlé, yìnyín ti dì sára fèrèsé láti inú, ṣóńṣó ogbe Leghorn kan sì ti funfun bí eérú. Ọkàn mi bàjẹ́ gan-an. Mo fẹ́ ra gílóòbù pupa tó ń móoru yẹn, ọkọ mi ní kí n kọ́kọ́ bèèrè. Ẹ jọ̀ọ́ kí ni kí n ṣe?

Bọ̀dá Wisconsin:
Ẹ kú iṣẹ́ ìyá wa. Ẹ dìde báyìí kẹ́ ẹ lọ yọ àkísà abẹ́ òrùlé yẹn, kó tó di ọ̀rọ̀ gílóòbù rárá. Òtútù nìkan kọ́ ló ṣe ogbe yẹn bẹ́ẹ̀, omi ló dá kún un. Ara adìẹ gbóná ju tiwa lọ, ó tó 41 Celsius, ìyẹ́ yẹn súwẹ́tà ni, tí wọ́n bá wọ̀ lálẹ́ wọ́n á wú u, ooru á dúró sínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo èémí tí wọ́n ń mí, gbogbo ìgbẹ́ tí wọ́n ń yà, omi wà níbẹ̀, tí kò bá ríbi jáde á gòkè lọ bá òrùlé tó tutù, á di omi, á padà kán lé wọn lórí, ogbe tí omi bá ti rin ni yìnyín máa ń tètè jẹ. Òkè ni kẹ́ ẹ ti ṣí i, lápá méjèèjì tó bá ṣeé ṣe, kó ga ju orí wọn lọ níbi tí wọ́n ń wọ̀ sí, kẹ́ ẹ fi wáyà oníhò kéékèèké tó le bò ó, kì í ṣe chicken wire fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn o, raccoon, ẹranko ìgbẹ́ tó ń jí adìẹ jẹ lóru, á fà á ya. Ìsàlẹ̀ tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ lù wọ́n lára ni kẹ́ ẹ dí. Lálẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé imú yín sí ibi tí orí wọn wà, tí òórùn bá ṣì ń ta yín, kò tíì tó.

Àǹtí Chicago:
Gílóòbù yẹn, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má rà á. Aládùúgbò mi so ọ̀kan kọ́, okùn já, ó já lu èérún pákó, kí panápaná tó dé adìẹ mẹ́sàn-án ti jóná, díẹ̀ ló kù kí ó ran ilé. Mo gbọ́ igbe wọn, mi ò lè gbàgbé ẹ̀. Àwọn míì wà tí wọ́n fi Teflon, nǹkan tí wọ́n fi ń bo inú páànù kí oúnjẹ má baà lẹ̀ mọ́ ọn, bo gílóòbù ẹ̀, èéfín ẹ̀ nìkan ń pa ẹyẹ. Tí iná bá tún lọ lóru, adìẹ tí ooru ti mọ́ lára ló máa kọ́kọ́ lọ.

Ọmọ Àgbẹ̀:
Àǹtí ti sọ ọ́. Tèmi ni pé ẹ wo igi tí wọ́n ń wọ̀ sí. Tó bá jẹ́ igi róbótó tín-ín-rín, ẹ yọ ọ́, ẹ fi pákó 2x4 (íńṣì méjì sí mẹ́rin) síbẹ̀, kẹ́ ẹ dà á dùbúlẹ̀ kí ẹ̀gbẹ́ tó fẹ̀ wà lókè, kí wọ́n lè fi ikùn bo ọmọ ẹsẹ̀ wọn. Ilẹ̀, ẹ má fọ̀ ọ́ o! Ẹ máa da èérún pákó gbígbẹ lé e, ẹ máa fi fọ́ọ̀kì rò ó, ibi tí omi bá ti rin nìkan ni kẹ́ ẹ kó dànù. Omi mímu, ẹ má gbé e sínú ibi tí wọ́n ń sùn, òun náà ń dá kún ọ̀rìnrìn, ẹ gbé e síta lórí àwo oníná tí kì í jẹ́ kó dì. Nínú ọgbà, ẹ ta náílọ́ọ̀nù tó mọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn ti ń wá nìkan, kẹ́ ẹ da koríko gbígbẹ sórí yìnyín torí wọn kì í fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ fún wọn ní àgbàdo díẹ̀ kí wọ́n tó wọ̀.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Básélìnì ńkọ́, ẹnìkan ní kí n fi pa ogbe? Ẹyin náà ti dín kù, méjì péré lónìí.

Àǹtí Chicago:
Mo máa ń fi pa tèmi o, lálẹ́ tó bá tutù gan-an.

Bọ̀dá Wisconsin:
Àǹtí ẹ má bínú, mo pa á lọ́dún méjì, mi ò rí ìyàtọ̀, ọjọ́ tí mo ṣí òkè ni gbogbo ẹ̀ dáwọ́ dúró. Ti ẹyin, ọjọ́ ló kúrú, wọ́n fẹ́ ìmọ́lẹ̀ bíi wákàtí 14 kí wọ́n tó yé dáadáa. Èmi máa ń jẹ́ kí wọ́n sinmi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tan iná LED kékeré, ìdájí ni kẹ́ ẹ tàn án, kó má baà kú lójijì lálẹ́ kí òkùnkùn sì ká wọn mọ́lẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ẹ̀ ní rí ibi o. Ó di ọjọ́ kẹrin lónìí tí ọkọ mi ti gé òkè lápá méjèèjì, àárọ̀ yìí fèrèsé gbẹ, mo fọwọ́ kan pákó òrùlé, ó gbẹ, òórùn yẹn ò sí mọ́. Ṣùgbọ́n ṣóńṣó ogbe Leghorn yẹn ti dúdú báyìí. Ṣé kí n gé e?

Ọmọ Àgbẹ̀:
Rárá, ẹ má gé e, ẹ má sì fọwọ́ ra á. Dúdú yẹn ń bo ibi tó ṣì wà láàyè, á gbẹ, á já bọ́ fúnra ẹ̀. Àfi tó bá wú tàbí tó ń ṣọyún, kẹ́ ẹ pe dókítà ẹranko.

Ìyá Ìbejì:
Ó ti yé mi. Ó ṣì ń jẹun dáadáa, ó tiẹ̀ yé ẹyin kan lánàá.