Bí A Ṣe Ń Jókòó Ti Ẹni Tí Ọkàn Rẹ̀ Gbọgbẹ́

Nọ́ọ̀sì, Ṣágámù:
Ẹni tí ìbànújẹ́ ń dà láàmú kì í wọlé kó ní inú òun bàjẹ́. Yóò ní orí ń gbóná, àyà ń já òun, ó dà bíi pé kòkòrò ń rìn nínú agbárí òun. Bí ìfúnpá bá dáa, tí àyẹ̀wò ibà kò sì mú nǹkan kan jáde, ẹ má kàn fún un ní pàrá kó máa lọ. Ẹ bi í pé, "Láti ìgbà wo lẹ ò ti rí oorun sùn dáadáa?" Kò sí ìtìjú nínú ìbéèrè oorun, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń gbà jáde. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fi fóònù sápò. Ẹ má dà á dojú dé sórí tábìlì. Bó bá gbọ̀n pẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ ti já nìyẹn.

Ìyá onígàárì, Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹ ṣé, nọ́ọ̀sì wa. Nídìí gàárì, a kì í kojú síra. Opó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ kò lè máa wo ojú èèyàn kó máa ro ẹjọ́ ọkàn rẹ̀. Ẹ gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ mú ọ̀bẹ, kẹ́ ẹ jọ máa bó ẹ̀gẹ́. Tó bá dákẹ́, ẹ bó ẹ̀gẹ́ mẹ́ta sí i kẹ́ ẹ tó lanu. Ìdí agbada kọ́ o! Ẹni tó ń yan gàárì kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró kó má baà jó, etí rẹ̀ ò lè sí níbẹ̀.

Ìkánjú láti tuni nínú ló ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. "Gba kámú." "Ti lágbájá ju tìẹ lọ." "Má sunkún mọ́." Inú rere la fi ń sọ ọ́, àmọ́ onítọ̀hún á nu ojú rẹ̀, á ní "ẹ ṣé mà," á gbé ìyókù relé. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé padà fún un: "Ẹ ní alẹ́ ló le jù." Kẹ́ ẹ wá panu mọ́.

Akọ̀wé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà), Ìjẹ̀bú-Òde:
Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá pa ìpàdé méjì jẹ, kẹ́ ẹ tó bu owó ìtanràn lé e, ẹ rán ẹnì kan lọ. Ẹnì kan ṣoṣo! Èèyàn mẹ́fà nínú aṣọ ẹgbẹ́, ìgbẹ́jọ́ nìyẹn. Ohun tó bá sì gbọ́ níbẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ìwé ìpàdé.

Olùdámọ̀ràn, Ìkẹ́nnẹ́:
Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Zimbabwe náà nìyẹn. Dókítà Dixon Chibanda kó ìyá àgbà 14 jọ ní Mbare, ní ìlú Harare, ní 2006, ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń jókòó ti èèyàn lórí bẹ́ǹṣì nínú ọgbà kíliníìkì. Kufungisisa ni wọ́n ń pe àìsàn náà, ìyẹn àròjù. Onítọ̀hún á ka gbogbo ìṣòro rẹ̀ sílẹ̀, á mú ẹyọ kan tí ọwọ́ rẹ̀ tó, á fúnra rẹ̀ sọ ohun kékeré tó máa ṣe sí i, á sì padà wá jíṣẹ́. Bó bá jẹ́ gbèsè, owó iléèwé àti ẹjọ́ ilẹ̀ ló dì pọ̀, ẹ má jẹ́ kó gbé ẹjọ́ ilẹ̀ ṣáájú. Kò ní í parí lọ́sẹ̀ kan, á sì rò pé òun ló kùnà.

Ẹ má bẹ̀rù láti béèrè pé, "Ṣé ó ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ kúkú kú?" Ìbéèrè yẹn kì í gbin ikú sọ́kàn ẹnikẹ́ni. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ bi í ohun tó fẹ́ fi ṣe é, ẹ kó o kúrò nílẹ̀, pàápàá oògùn apakòkòrò. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀ títí ẹ ó fi dé ilé ìwòsàn tàbí Aro ní Abẹ́òkúta.

Nọ́ọ̀sì, Ṣágámù:
Màmá, ọ̀bẹ tẹ́ ẹ fi ń bó ẹ̀gẹ́ yẹn wá ńkọ́, tó bá jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló jókòó tì yín?

Ìyá onígàárì, Ìjẹ̀bú-Igbó:
Asẹ́ la máa ń gbé fún un, ọmọ mi. A ó ní kó bá wa sẹ́ gàárì.